Ẹ̀kọ́ Ìdarí Láti Etí Odò Wouri

Àwọn Duala tí wọ́n tẹ̀dó sí ẹnu odò Wouri ní Kamẹrúùnù kò ní ọba kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń wárí fún. Agboolé ńláńlá ni wọ́n, olórí agboolé kọ̀ọ̀kan sì ń pàṣẹ fún àwọn tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá kan gbogbo wọn, ìgbìmọ̀ ni wọ́n ń pè lé e lórí. Ètò yìí ni wọ́n fi bá àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù nájà fún ìran mélòó kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ibi tí ètò náà ti lágbára àti ibi tí ó ti mẹ́hẹ hàn kedere nínú ìtàn wọn, pàápàá láàrin 1840 sí 1914, ẹ̀kọ́ tó sì wà níbẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe olórí lónìí.

Ìlú Douala òde òní kì í ṣe ti etí odò nìkan mọ́. Ó ti fẹ̀ wọ ilẹ̀ àwọn Bassa, níbi tí orúkọ bíi Logbaba, Logbessou àti Ndogbong ṣì ń jẹ́rìí sí àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà. Ní ọ̀nà ibẹ̀ ni àwọn àdúgbò tí wọ́n ń fi iye kìlómítà pè wà, PK8 sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ bàbá kan náà. Bassa, Duala, Bamileke, àwọn ará àríwá àti àwọn àjèjì láti ilẹ̀ mìíràn ló ń gbé pọ̀ ní Douala. Ìbéèrè tí àwọn àgbà etí odò dojú kọ nígbà kan ló wà níwájú wọn: báwo ni àwọn tí oríṣun wọn yàtọ̀ síra ṣe ń ní aṣáájú tí yóò gbé ẹrù gbogbo wọn?

Bí olórí ṣe ń di olórí

Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Duala bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Mbedi a Mbongo, tó gbé ní Piti lẹ́bàá odò Dibamba. Ewale, ọmọ rẹ̀, ló kó àwọn tirẹ̀ wá sí ẹnu odò Wouri, tí wọ́n sì bá àwọn Bassa àti Bakoko níbẹ̀. Orúkọ Ewale yìí ni ìran náà àti ìlú náà ń jẹ́ títí dòní. Àwọn Potogí ti gba etí òkun ibẹ̀ kọjá ní nǹkan bí 1472. Edé pọ̀ nínú odò náà débi pé wọ́n fi edé sọ odò ọ̀hún lórúkọ, láti ibẹ̀ sì ni orúkọ Kamẹrúùnù ti ṣẹ̀.

Òwò ló sọ àwọn Duala di alágbára. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, eyín erin àti ẹrú ni wọ́n ń tà fún àwọn ọkọ̀ òkun. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, epo pupa àti ẹkùrọ́ ló gba ipò wọn. Àwọn òyìnbó kì í wọ ilẹ̀. Inú ọkọ̀ wọn tó dúró sí ẹnu odò ni wọ́n ti ń tajà, wọ́n á gbé ọjà fún àwọn Duala láwìn, àwọn Duala á sì fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé e gba odò Mungo, Wouri àti Dibamba lọ sí ọjà oko. Oṣù púpọ̀ lè kọjá kí epo tó dé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ di olórí gbọ́dọ̀ ní ohun mẹ́ta: orúkọ rere tí oníṣòwò fi lè gbé ọjà lé e lọ́wọ́, àwọn awakọ̀ tí yóò tẹ̀ lé e, àti ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú àwọn ará oko tó ń fún un ní epo. Èyí tó bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ipò rẹ̀ ti mì.

Agboolé méjì ló kọ́kọ́ tóbi jù lọ: ti Bell, tí ibùjókòó wọn wà ní Bonanjo, àti ti Akwa. Àwọn òyìnbó ló fi ìnagijẹ ọba fún àwọn olórí wọn, tí wọ́n sì ń san owó ìbodè fún wọn kí ọjà tó ṣí. Ṣùgbọ́n orúkọ ọba tí òyìnbó fi ń peni kò fi agbára kún ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú agboolé rẹ̀. Ìbátan tí kò bá fara mọ́ olórí rẹ̀ lè kó ẹrù, kí ó lọ dá dúró. Bẹ́ẹ̀ ni Deido ṣe ya kúrò lára Akwa ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí àwọn ará Bonaberi ní òdìkejì odò náà sì ya kúrò lábẹ́ Bell. Olórí tó mọ̀ pé àwọn ènìyàn òun lè fi òun sílẹ̀ a máa ṣọ́ ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀.

Àbùkù ńlá kan wà nínú ètò yìí tí kò yẹ kí a fi bò. Àwọn ẹrú tí wọ́n ń wa ọkọ̀, tí wọ́n sì ń dáko ní àwọn abúlé òkè odò, kò ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ kankan. Òmìnira àwọn agboolé Duala dúró lé èjìká àwọn tí kò lómìnira. Ọlá àwọn olórí náà sì ti inú òwò tó ba ayé ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ́ wá. Ní 1840 ni àwọn olórí Bell àti Akwa bẹ̀rẹ̀ sí bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn láti fòpin sí títa ẹrú sókè òkun, ṣùgbọ́n ìsìnrú nílé kò tán lójú ẹsẹ̀.

Ngondo: ìgbìmọ̀ tó lè dá alágbára lẹ́jọ́

Níbi tí kò ti sí ọba kan lórí gbogbo wọn, ohun tó so àwọn Duala pọ̀ ni Ngondo, àpéjọ àwọn àgbà gbogbo agboolé. Ìtàn tí àwọn Sawa, ìyẹn àwọn ènìyàn etí òkun tí Duala jẹ́ ara wọn, ń sọ nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ti Malobe, òmìrán ilẹ̀ Pongo kan tó ń jẹ gàba lórí gbogbo agbègbè náà. Kò sí agboolé kan tó lè dá a kojú. Ìgbà tí wọ́n pa ìjà ara wọn tì, tí wọ́n sì gbìmọ̀ pọ̀, ni wọ́n rí i mú. Yálà bí ìtàn ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí àwọn Sawa fẹ́ kí ọmọ wọn rántí hàn nínú rẹ̀: àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, agbára tí ẹnì kan fi ń ni gbogbo ìlú lára kì í sì í ju ti ìlú tó bá fohùn ṣọ̀kan.

Ngondo ń parí ìjà láàrin agboolé, ó ń ṣòfin ọjà, ó sì ń ṣèdájọ́ ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ẹjọ́ tó sọ okun rẹ̀ di mímọ̀ jù ni ti Eyum Ebele, olórí Deido, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Charley Dido. Ní 1876, àwọn agboolé yòókù dá a lẹ́jọ́, wọ́n sì pa á. Ìyà náà le, àwọn tó sì ṣe ìdájọ́ kò ṣàìní ọ̀rọ̀ tiwọn pẹ̀lú Deido nínú òwò. Síbẹ̀, ìlànà kan wà níbẹ̀ tó kọjá ẹjọ́ yẹn: pé ẹnì kan jẹ́ olórí kò gbé e kọjá òfin.

Ohun tó jọ èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì ló ń yan Aláàfin, àwọn náà ló sì lè kọ̀ ọ́ kí ó lọ fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Àwọn Ògbóni sì tún wà tí wọ́n ń ṣọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì. Ìtàn Ọ̀yọ́ tún fi hàn pé ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ lè di ìnira. Basọ̀run Gáà, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, lo agbára tó yẹ kó fi dáàbò bo ìlú láti máa fi ọba jẹ, kí ó sì máa rọ̀ wọ́n lóyè, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Níhìn-ín ni Ngondo ti ní àǹfààní kan: kò sí agboolé kan tó jẹ́ olórí rẹ̀ títí láé. Lónìí pẹ̀lú, ipò alága Ngondo ń yí láàrin àwọn ọba etí odò ni, ẹnì kan kì í sì í jókòó lé e di tirẹ̀.

Láti 1856, àwọn Duala tún ní ilé ẹjọ́ mìíràn, tí àwọn olórí wọn àti àwọn ọ̀gá oníṣòwò òyìnbó jọ ń jókòó nínú rẹ̀ láti yanjú ọ̀rọ̀ gbèsè, olè àti ìjà ọjà. Ilé ẹjọ́ yìí ní agbára láti dá ọjà ẹni tó bá rú òfin dúró, dúdú tàbí funfun. Òpin rẹ̀ hàn nígbà tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀, tí ìjà láàrin àwọn agboolé ń pọ̀ sí i, tí àwọn olórí sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tó máa parí ìjà wọn láti òde.

1884: ìwé tí a kò jọ fọwọ́ sí

Ní 1879 ni olórí Akwa kọ̀wé sí Ọbabìnrin Victoria pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá máa ṣàkóso etí odò náà. Ní 1881, Bell àti Akwa tún kọ̀wé. Lọ́ńdọ̀nù kò yára dáhùn. Láàrin àkókò yẹn, àwọn ilé òwò Jámánì méjì, Woermann àti Jantzen & Thormählen, ti ń bá àwọn olórí sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fún wọn lẹ́bùn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù keje 1884, Ndumbe Lobe Bell àti Dika Mpondo Akwa fọwọ́ sí ìwé kan pẹ̀lú àwọn aṣojú ilé òwò méjèèjì, Eduard Schmidt àti Johannes Voss. Wọ́n gbé àṣẹ ìjọba, òfin àti ìṣàkóso ilẹ̀ wọn lé àwọn ará Jámánì lọ́wọ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, gbé àsíá Jámánì sókè. Edward Hewett, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dé ní ọjọ́ 19, ó bá àsíá ẹlòmíràn lókè.

Ìwé náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àwọn olórí Duala fi ẹnu ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ẹni kẹta kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n ti bá ìjọba mìíràn ṣe ṣáájú yóò máa dúró. Ilẹ̀ tí wọ́n ń dá àti ibi tí ìlú wọn wà yóò jẹ́ ti àwọn tó ni ín àti àwọn ọmọ wọn. Owó ìbodè yóò máa wọlé lọ́dọọdún bí ti tẹ́lẹ̀. Àṣà ilẹ̀ náà yóò sì ní ọ̀wọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba tuntun. Yàtọ̀ sí ìwé yìí, wọ́n tún kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀, olórí rẹ̀ sì ni pé kí òyìnbó má ṣe wọ inú oko lọ bá àwọn oníbàárà wọn ná. Ìpín kẹta nínú ẹnu ọ̀nà márùn-ún yẹn, èyí tó sọ̀rọ̀ ilẹ̀, ni ọmọ-ọmọ Ndumbe Lobe yóò fi jà ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà.

Àìpé ìwé náà ni pé kì í ṣe gbogbo agboolé ló mọ̀ sí i. Àwọn olórí méjì tó tóbi jù ló dúró fún gbogbo etí odò, láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ ńlá kan jókòó lé e lórí. Kum'a Mbape, olórí Bonaberi tí àwọn òyìnbó ń pè ní Lock Priso, kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí wọ́n ri àsíá Jámánì mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ra àwọn. Ní oṣù kejìlá 1884, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn tó tẹ̀ lé Bell àti àwọn tó kọ àdéhùn náà. Ọ̀gágun Knorr ti Jámánì mú ọkọ̀ ogun Bismarck àti Olga wọ odò náà, wọ́n sì sun ìlú Lock Priso. Max Buchner, tó ń ṣojú ìjọba Jámánì, gbé tangué rẹ̀ lọ: ère tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ oríṣiríṣi, tó máa ń dúró ní imú ọkọ̀ ọlọ́lá láti fi hàn pé olórí kan ló ń bọ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Munich ni ère náà wà títí di òní. Ọ̀mọ̀wé Kum'a Ndumbe III, ọmọ-ọmọ Lock Priso, ti ń béèrè fún ìpadàbọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní Èkó, ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlélógún ṣáájú. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1861, lábẹ́ ìhàlẹ̀ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó lé wọn lọ́wọ́. Àwọn ìjòyè Èkó, tó fi mọ́ àwọn Ìdẹ́jọ onílẹ̀, rí i pé ohun tí ọba kò dá ni ni wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí. Àwọn ìlú méjèèjì kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ní ọ̀nà tó dunni: olórí lè fi àṣẹ tirẹ̀ tọrẹ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àti òmìnira àwọn ènìyàn kì í ṣe ti ẹnu rẹ̀ nìkan. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Láti orí òwò dé orí ìwé ẹ̀sùn

Ohun tí àwọn Duala ń fẹ́ jù lọ nínú àdéhùn náà kò pẹ́ tí ó fi bọ́. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1890, àwọn ará Jámánì ti ń wọ inú oko lọ ra epo fúnra wọn, iṣẹ́ alágbàtà sì ti ń kú lọ. Àwọn olórí Duala kò jókòó sunkún. Wọ́n yí padà sí oko kòkó ní òkè odò, wọ́n sì rán ọmọ wọn lọ sílé ẹ̀kọ́, àwọn kan dé Jámánì. Ìyípadà yìí ló bí oríṣi aṣáájú tuntun, ẹni tó lè ka òfin òyìnbó lédè òyìnbó.

Ní 1905, Dika Akwa àti àwọn olórí mìíràn ní agbègbè rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀sùn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì, wọ́n to ìwà ìkà ìjọba Gómìnà Jesko von Puttkamer lẹ́sẹẹsẹ. Ìjọba rẹ̀ sọ àwọn tó kọ̀wé sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dé Berlin, wọ́n sì pe Puttkamer padà sílé, kò sì padà sí ipò náà mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àwọn ará etí odò náà fi rí i pé ìwé tí a kọ dáadáa lè dé ibi tí ọkọ̀ ogun kò lè dènà.

Rudolf Duala Manga Bell, tí wọ́n bí ní 1873, ló gbé ọ̀nà yìí dé òpin rẹ̀. Ọmọ-ọmọ Ndumbe Lobe tó fọwọ́ sí ìwé 1884 ni. Ó kàwé ní Aalen àti Ulm ní Jámánì, ó sì jọba lórí àwọn Bell ní 1908. Kò kórìíra àwọn ará Jámánì. Ó gbà pé òfin wọn lè dá ẹjọ́ òdodo. Ní 1910, ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ láti kó àwọn Duala kúrò létí odò lọ sínú ilẹ̀, kí ilẹ̀ tí kò ní ilé, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà kan, sì wà láàrin wọn àti àdúgbò òyìnbó. Àìsàn ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni wọ́n fi ṣe àwáwí. Ilẹ̀ etí odò yẹn náà ló sì níye lórí jù ní gbogbo ìlú.

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn olórí kò dá ṣe é. Bell, Akwa, Deido àti Bonaberi, àwọn tí ìdíje òwò àti ogun 1884 ti pín níyà, kọ ìwé ẹ̀sùn pọ̀ sí ilé aṣòfin Jámánì ní 1911 àti 1912. Ohun tí wọ́n di mú ni ìpín kẹta ìwé 1884: ilẹ̀ tí ìlú wọn wà jẹ́ tiwọn àti ti ọmọ wọn. Ìjọba wá ọ̀nà láti fọ́ wọn. Àṣẹ gbígba ilẹ̀ tó jáde ní oṣù kìíní 1913 kan àwọn Bell nìkan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n yọ Manga Bell nípò. Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọ́n fi agbára bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Bonanjo lọ sí ibi tí wọ́n pè ní New Bell.

Manga Bell ti rán akọ̀wé rẹ̀, Adolf Ngoso Din, lọ sí Jámánì ní bòńkẹ́lẹ́ láti gba agbẹjọ́rò, kí ó sì bá àwọn oníwèé ìròyìn sọ̀rọ̀. Ilé aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìbéèrè ní 1914. Manga Bell tún ránṣẹ́ sí àwọn ọba ilẹ̀ òkè, lára wọn Sultan Njoya ti Bamum ní Foumban, ọba tó dá ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀ sílẹ̀ fún èdè rẹ̀. Njoya, tó ń wá àlàáfíà ìlú tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, sọ fún wọn. Ìjọba fi èyí ṣe ẹ̀rí ọ̀tẹ̀, ohùn àwọn aṣòfin tó ń béèrè ìbéèrè sì rọlẹ̀. Wọ́n mú Manga Bell ní oṣù karùn-ún 1914, wọ́n sì mú Ngoso Din ní Jámánì, wọ́n dá a padà sí Douala. Ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ṣẹjọ́ náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ 1914, wọ́n ṣe ìgbẹ́jọ́ ọlọ́jọ́ kan, láìjẹ́ kí agbẹjọ́rò tí wọ́n gbà ní Jámánì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yẹgi fún Manga Bell àti Ngoso Din. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gba Douala.

Ọ̀nà kan náà ni àwọn onílẹ̀ Èkó gbà, ṣùgbọ́n ibi tó já sí yàtọ̀. Ìjọba gba ilẹ̀ Olóyè Olúwa ní Àpápá. Ní 1920, Amodu Tijani tó jẹ́ Olúwa nígbà náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Herbert Macaulay tó ń ṣe akọ̀wé àti ògbufọ̀ rẹ̀. Ní 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dá a láre pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti ìdílé àti ìlú, kí ìjọba sì sanwó rẹ̀ bó ti yẹ. Ìyàtọ̀ láàrin Olúwa àti Manga Bell kì í ṣe ti ọgbọ́n tàbí ti ìgboyà. Ẹnì kan rí ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kejì lójú, wọ́n sì pa á. Ẹ̀tọ́ tí àwọn méjèèjì sọ kò yàtọ̀ síra.

Ohun tó kù lẹ́yìn ìyẹgi

Ikú Manga Bell kò pa ọ̀rọ̀ náà. Ní 1919 àti 1929, àwọn olórí Duala tún kọ̀wé sí àwọn alágbára ayé, wọ́n ń béèrè ilẹ̀ wọn àti ohùn nínú ìṣàkóso ara wọn. Ọmọ rẹ̀, Alexandre Douala Manga Bell, wọ ilé aṣòfin Faransé ní 1945. New Bell, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi lé onílẹ̀ jìnnà, di àdúgbò àwọn àlejò láti gbogbo Kamẹrúùnù àti láti Nàìjíríà. Ní Jámánì fúnra rẹ̀, ìlú Berlin yọ orúkọ Nachtigal kúrò lára gbàgede kan ní oṣù kejìlá 2022, wọ́n sì fi orúkọ Manga Bell rọ́pò rẹ̀.

Ngondo náà kò parẹ́. Ìjọba Kamẹrúùnù fòfin dè é ní 1981, ó sì padà ní 1991. Ní oṣù kejìlá 2024, àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá gbogbo ayé. Ní oṣù kejìlá ọdọọdún ni àwọn Sawa ń pé sí etí Wouri. Wọ́n ń wakọ̀ fi díje, àwọn ọba jókòó ní ipò wọn, lẹ́yìn náà ọkọ̀ á gbé àwọn tó mọ awo odò lọ sáàrin omi. Ọ̀kan nínú wọn á mú ìkòkò wọ inú odò lọ, wọ́n sì gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn miengu, ẹbọra inú omi, ló ń lọ. Bó bá jáde, wọ́n á túmọ̀ ìhìn tó mú bọ̀ fún gbogbo èrò tó dúró. Ìhìn náà kì í ṣe ti ìdílé ọba kan. Ti gbogbo ìlú ni, gbangba ni wọ́n sì ti ń sọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ fún àdúgbò òde òní

Lábẹ́ òfin ọjọ́ 15 oṣù keje 1977, ìpele mẹ́ta ni oyè ìbílẹ̀ pín sí ní Kamẹrúùnù, olórí àdúgbò nínú ìlú ńlá sì wà ní ìpele kẹta. Ìdílé tó ń jẹ oyè láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń mú un nínú, lẹ́yìn tí àwọn aṣojú ìlú bá ti sọ tẹnu wọn, ìjọba ló sì ń fọwọ́ sí i. Olórí bẹ́ẹ̀ ní àwọn àdúgbò bíi PK8 dúró láàrin ìjọba, àwọn onílẹ̀ ìbílẹ̀ àti ogunlọ́gọ̀ àwọn tó wá gbé ibẹ̀. Ìtàn etí odò náà ní ohun pàtó láti sọ fún un àti fún àwọn tó ń darí ẹgbẹ́, ìjọ, ọjà tàbí ìlú níbikíbi.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé orúkọ oyè kì í bá ẹni ṣiṣẹ́. Olórí Duala ń dúró níwọ̀n ìgbà tí ìwúlò rẹ̀ bá ṣì hàn sí àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Ìwé ìyànsípò láti ọ̀dọ̀ ìjọba lónìí kò yàtọ̀ sí ìnagijẹ ọba tí òyìnbó fi ń pe Bell àti Akwa: ó ń jẹ́ kí ará ìta mọ ẹni tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀, kò sì sọ ará ilé di ọmọlẹ́yìn.

Ìkejì ni pé alágbára nílò ìgbìmọ̀ tó lè bá a wí, ìgbìmọ̀ náà sì nílò òté tí kò ní jẹ́ kí ẹnì kan sọ ọ́ di ohun ìní. Ngondo ní ti àkọ́kọ́ nígbà tó dá olórí Deido lẹ́jọ́, Ọ̀yọ́ sì rí ìnira tó wà nínú àìsí ti èkejì lọ́wọ́ Gáà. Alága tó ń yí, ìpàdé gbangba àti ìwé ìṣirò owó tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò ni òté irú èyí lóde òní.

Ìkẹta jẹ mọ́ àdéhùn. Nígbà tí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ bá wá ra ilẹ̀ àdúgbò, tàbí tí wọ́n fẹ́ la títì gba ibẹ̀ kọjá, ìyà 1884 ni ti olórí tó dá fọwọ́ sí i. Gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ohun tí wọn kò ní yọ̀ǹda gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, ẹ̀dà ìwé náà sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọgbọ́n tí Ndumbe Lobe fi kọ ìpín ilẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ ló fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Bí kò bá kọ ọ́, ẹnu lásán ni Manga Bell ì bá fi jà.

Ìkẹrin ni pé kí olórí mọ òfin àti èdè ẹni tó ń bá ṣe, kí ó sì máa gba ọ̀nà tó tọ́ títí dé ibi tó bá ṣeé gbà. Manga Bell lo ìwé, agbẹjọ́rò àti ilé aṣòfin. Olúwa lo ilé ẹjọ́. Ìwé wọn wà títí di òní, orúkọ àwọn tó ṣe wọ́n níbi sì ti ń kúrò lára òpópónà.

Ìkárùn-ún ni ẹ̀kọ́ tí àwọn Duala àtijọ́ kò kọ́ tán. Ìgbìmọ̀ wọn lágbára fún ọmọ onílé, kò sì lágbára fún ẹrú. Àdúgbò tí àwọn àlejò pọ̀ jù onílẹ̀ lọ kò lè dúró lórí irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń háyà yàrá kan, obìnrin tó ń tajà lẹ́bàá títì, ọ̀dọ́ tó ń wa ọ̀kadà àti àjèjì tí kò gbọ́ èdè ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ti lè sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì rí i pé a gbọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ tó fi wọ́n sílẹ̀ ń ṣe àdéhùn lórí ẹ̀mí àwọn tí kò mọ̀ sí i, bí àwọn olórí méjì ṣe ṣe lórí Bonaberi ní 1884.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ohun kan ló dúró gedegbe: ìgbà tí àwọn aṣáájú etí odò náà bá fi ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú sí ọwọ́ gbogbo ìlú ni wọ́n ń lágbára jù. Wọ́n ṣe é nínú ìtàn Malobe, wọ́n kùnà láti ṣe é ní 1884, wọ́n sì tún un ṣe nínú ìwé ẹ̀sùn 1911 àti 1912. Ìwé ẹ̀sùn náà kò gba ẹ̀mí Manga Bell là, ṣùgbọ́n ó sọ àwọn agboolé tó ti ń bá ara wọn jà di ìlú kan níwájú òfin. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ aṣáájú nìyẹn ní àdúgbò tuntun èyíkéyìí: láti sọ àwọn tí wọ́n kàn ń gbé nítòsí ara wọn di ènìyàn tó lè fohùn kan sọ̀rọ̀.